Owó Inú Rìmóòtù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nusaybah jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Nígbà kejì, ó ní ògiri ń wo òun. Nígbà kẹta, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó di etí aṣọ ìsùn rẹ̀ mú, ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Nusaybah, padà sínú yàrá ẹ," ni Hàlímọ̀tù wí.

"Mi ò fẹ́, Mummy. It's too quiet."

Aago méje ìrọ̀lẹ́ ti lù. Inú oṣù kẹfà ni, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé bí ẹni pé ọ̀sán ni. Hàlímọ̀tù ní láti dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní East Dulwich, kí aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó lù. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò ti sùn dáadáa. Bí ó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí ó bá dìde, kò ní rántí ohun tó tìtorí rẹ̀ dìde.

Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n kó dé ilé yìí ní Peckham, nílùú òyìnbó. Níbi tí wọ́n ti kúrò, yàrá kan ṣoṣo ni òun, Làtíìfù ọkọ rẹ̀, àti Nusaybah tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta jọ ń sùn. Nígbà tí kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fún wọn ní ilé oníyàrá mẹ́ta, inú gbogbo wọn dùn. Làtíìfù fúnra rẹ̀ ló kun yàrá ọmọ. Ìyá Làtíìfù, tó wá kí wọn láti Ìwó, gba yàrá kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kun yàrá fún kò fẹ́ dá sùn nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wá sùn lọ́dọ̀ mi," Màmá wí láti orí àga. "Kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta fẹ́ fi odidi yàrá ṣe? Ṣé ó fẹ́ máa gba àlejò ni?"

Làtíìfù rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Ẹ máa ṣe é lọ. Èmi ò sọ̀rọ̀. Ọmọ ń rìn káàkiri bí ọlọ́dẹ, ẹ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Làtíìfù, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, rántí ohun tí ẹnì kan sọ fún un níbi iṣẹ́. "Habeebullah ní Kùránì ni ọmọ tòun fi ń sùn. Ẹ̀rọ kékeré kan ló rà, ó máa ń ké Kùránì jẹ́jẹ́ títí ọmọ á fi sùn lọ."

"Kó má ṣá ti jẹ́ fóònù," ni Hàlímọ̀tù wí. "Mi ò fẹ́ fóònù nínú yàrá ọmọ. Bó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fídíò, ó parí."

"Kì í ṣe fóònù. Ẹ̀rọ lásán ni. Jẹ́ ká lọ wò ó ní Sátidé."

Nígbà tí Sátidé dé, tọkọtaya náà lọ sí Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham. Onísọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń ta ṣájà, àpò fóònù àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ orin. Ọmọ Yorùbá ni. Kò jẹ́ kí wọ́n dúró dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Alhaja, ẹ káàbọ̀! Ẹ wo èyí."

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà," ni Hàlímọ̀tù dá a lóhùn.

"Ẹ máa dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ yìí gan-an ló máa kọ́kọ́ mú ọkàn yín lọ."

Ó gbé méjì síwájú wọn. Èkíní rí roboto bí òṣùpá. Funfun ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tàn án, á máa yí àwọ̀ padà: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Ohùn àwọn olùké Kùránì méjìdínlógún ló wà nínú rẹ̀, rìmóòtù rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bíi káàdì báńkì. Èkejì jẹ́ àpótí kékeré kan. Kò ní iná aláràbarà, kò sì ní rìmóòtù. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń ṣájì í, wọ́n sì ti sé bátìrì rẹ̀ pa mọ́ inú rẹ̀.

"Jẹ́ ká mú àpótí yìí," ni Làtíìfù wí. "Kò ní wàhálà."

"Ta ló máa wọlé lọ pa á bí ọmọ bá sùn?" Hàlímọ̀tù bi í. "Ìwọ? Pákó ilẹ̀ yàrá yẹn ń ké bí ewúrẹ́. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ó jí nìyẹn. Èyí ní rìmóòtù. Mo lè dúró sí ẹnu ọ̀nà kí n sì pa á."

"Brother, ìyàwó yín gbọ́n jù yín lọ," ni onísọ̀ wí.

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó o sọ ọ́ létí ẹ̀."

Wọ́n béèrè bóyá Áyátúl Kúrísíyù wà nínú rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ohùn rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n béèrè bóyá wọ́n lè dá a padà bó bá bàjẹ́. Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n nínú tọkọtaya náà àti onísọ̀, kò sí ẹni tó yí rìmóòtù yẹn padà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí síkúrù kankan níbẹ̀. Ibi tí bátìrì wà dà bí dúrọ́ọ̀ kékeré. Bí èèyàn bá fi èékánná fà á, á jáde.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà fi ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́. Nusaybah sùn. Hàlímọ̀tù sùn. Màmá pàápàá máa ń ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbọ́ Kùránì. Ṣùgbọ́n Nusaybah ti rí i pé káàdì pẹlẹbẹ yẹn ló ń sọ òṣùpá di pupa. Kò pẹ́ tó fi di pé ọwọ́ rẹ̀ ni rìmóòtù ń gbé, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló sì ń sùn. Hàlímọ̀tù rí i. Ó rò ó pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nígbà tó ṣá ti ń jẹ́ kí ọmọ dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Màmá ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní ike bọ́tà kan tó ti ṣófo, ó kó owó ẹyọ díẹ̀ sínú rẹ̀. Á mú ọ̀kan, á gbé e sókè.

"Kí nìyí?"

"Owó!"

"Owó ta ni?"

"Owó Grandma!"

"O káre. Orí ẹ pé."

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ṣe roboto tó sì ń dán di owó lẹ́nu Nusaybah. Ìdérí ìgò, owó ni. Bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, owó ni. Gbogbo ilé ń fi ṣe ẹ̀rín. Inú Hàlímọ̀tù sì ń dùn pé ọmọ òun ń sọ Yorùbá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Làtíìfù ti lọ wa bọ́ọ̀sì. Hàlímọ̀tù ń lọ aṣọ nínú kíṣìnì. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àílà tán ní pálọ̀, ó ṣì jókòó lórí ẹní. Nusaybah jáde láti inú yàrá rẹ̀. Ó ń wúkọ́. Itọ́ ń dà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Grandma, mo jẹ owó."

"O jẹ kí ni?"

"Owó. Ó wọlé." Ó fi ìka kan ọrùn rẹ̀.

Màmá pariwo. "Hàlímọ̀! Hàlímọ̀ ò! Ọmọ ti gbé owó mì!"

Hàlímọ̀tù sá jáde, ó kúnlẹ̀, ó la ẹnu ọmọ wò. Kò rí nǹkan kan.

"Ṣé ó ń mí?" Màmá bi í.

"Ó ń mí, Màmá. Ó sì ń sọ̀rọ̀."

"Fara balẹ̀ nígbà náà. Ọkọ ẹ fúnra ẹ̀ gbé kọ́bọ̀ mì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀bà ni mo tẹ̀ fún un, òkèlè ńlá ńlá. Lọ́jọ́ kejì, ó bá ìgbẹ́ jáde. A fọ̀ ọ́, a sì ná an."

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ pa Hàlímọ̀tù lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ó pe Làtíìfù. Fóònù dún títí, kò gbé e, nítorí ó ń wakọ̀ lọ́wọ́. Hàlímọ̀tù lọ gbé omi kaná. Ó padà wá wo ọmọ. Ó padà lọ wo omi. Nígbà tó tẹ ẹ̀bà náà tán, ó le ju bó ṣe yẹ lọ.

Nusaybah gba òkèlè kan sẹ́nu, ó tu ú. Ó gba òmíràn, ó tún tu ú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń di ọrùn rẹ̀ mú.

"Àkẹ́jù ló ń ṣe é," ni Màmá wí. Ṣùgbọ́n ohùn òun náà ti yí padà.

Hàlímọ̀tù ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín kíṣìnì àti pálọ̀. Ó wo aago. Ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá. Ó fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì tún ń rò ó pé, bí mo bá débẹ̀ tí wọ́n ní owó lásán ni ńkọ́? Wọ́n á ní obìnrin yìí kò níṣẹ́ ṣe. Ó fẹ́ dúró de Làtíìfù, ó sì tún rí i pé itọ́ ọmọ ti rin àyà aṣọ rẹ̀.

Ni ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Níkẹ́ ni, obìnrin tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ni, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sì ni ọjọ́ náà.

"Ẹ káàsán, Màmá. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lókè orí mi láti ẹ̀ẹ̀kan. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Nusaybah ló gbé owó mì," ni Hàlímọ̀tù wí. "À ń fún un ní ẹ̀bà kó lè tì í lọ sísàlẹ̀."

Níkẹ́ wọlé láìbọ́ bàtà. "Ẹ gbé ẹ̀bà yẹn kúrò. Ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́. Omi pàápàá."

"Omi pàápàá?" Màmá dìde. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ fi òùngbẹ pa ọmọ mi ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Màá ṣàlàyé." Níkẹ́ lósòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ. "Nusaybah, show Aunty. Níbo lo ti rí owó yẹn?"

Màmá nawọ́ sí ike bọ́tà. "Ibo ni ì bá tún ti rí i?"

Ṣùgbọ́n Nusaybah kò wo ike. Ó fa Níkẹ́ lọ́wọ́ lọ sínú yàrá rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí sókè. Rìmóòtù wà níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Owó inú rìmóòtù," ni Nusaybah wí.

Níkẹ́ mú rìmóòtù, ó mú dúrọ́ọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Hàlímọ̀tù, wọ bàtà. À ń lọ báyìí. Bátìrì ló gbé mì."

"Bátìrì àti owó, ṣebí irin ni méjèèjì?" ni Màmá wí. "Á jáde."

"Màmá, ṣé ẹ mọ omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìyá mi se ọṣẹ."

"Bó bá ta síni lára ńkọ́?"

"Á bó èèyàn ni. Bó bá ta sójú, ó lè fọ́ ọ."

"Bátìrì yìí, bó bá ti há sí ọ̀fun tí itọ́ sì kàn án, iná inú ẹ̀ á máa sọ itọ́ yẹn di irú omi bẹ́ẹ̀. Kò ní dúró de ọ̀la kó tó jáde. Láàárín wákàtí méjì, ó lè ti jó ọ̀fun ọmọ débi tí kò ní ṣeé tún ṣe."

Màmá fa ìborùn rẹ̀ wọ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Àga ọmọdé ti wà nínú ọkọ̀ Níkẹ́. Wọ́n de Nusaybah mọ́ ọn, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ojú ọ̀nà kún. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta tò síwájú wọn, iná pupa kò sì fẹ́ kúrò. Hàlímọ̀tù ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé òun ló ń wà á.

"Mummy, omi," ni Nusaybah wí.

Ìgò omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Hàlímọ̀tù. Ó wò ó.

"Mummy, jọ̀ọ́."

"Sista Níkẹ́, díẹ̀ péré ńkọ́? Kí n kàn fi rin ètè ẹ̀."

"Má fún un. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti mú un sùn kí wọ́n tó yọ ọ́. Inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Má sì kì í lọ́wọ́ bọnu pé kó bì. Bó bá ń gòkè bọ̀, ó tún lè jó o."

Hàlímọ̀tù fi ẹsẹ̀ ti ìgò náà wọ abẹ́ àga iwájú. Ó gbé ojú sí fèrèsé kí ọmọ má baà rí ojú rẹ̀.

"Gbọ́ mi," ni Níkẹ́ wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà. "Bí a bá débẹ̀, kí lo máa sọ fún wọn?"

"Pé ọmọ mi gbé owó..."

"Rárá! Má pe owó. Bí o bá pe owó, owó ni wọ́n máa gbọ́, wọ́n sì lè ní kó o jókòó. Button battery. Sọ ọ́."

"Button battery."

"My child has swallowed a button battery. Kó o sì na rìmóòtù yẹn sí wọn."

Màmá náà ń sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. "Bọ́tìn bátìrì. Bọ́tìn bátìrì." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe àsíkìrì.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Hàlímọ̀tù sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì dìde láìtíì kọ orúkọ wọn tán. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n jókòó. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ya àwòrán àyà ọmọ náà, tí dókítà sì pe Hàlímọ̀tù kó wá wò ó.

Ohun roboto kan ló wà níbẹ̀, lókè àyà, láàárín egungun. Dókítà fi kálámù tọ́ka sí etí rẹ̀. Ó ní owó ẹyọ máa ń ní etí kan ṣoṣo nínú àwòrán. Èyí ní etí méjì, ọ̀kan wà nínú èkejì. Bátìrì nìyẹn.

Hàlímọ̀tù fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ti ibùsùn ọmọ lọ, ilẹ̀kùn méjì sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí Làtíìfù rí i pé wọ́n ti pe òun, ó pe padà, ó sì dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Mo ní ká mú àpótí yẹn," ni ó wí.

"Làtíìfù, má sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ lónìí."

"Mi ò bá ẹ jà."

"O ti sọ ọ́ ná."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́," ni Màmá wí. "Èmi ni mo ní gbogbo nǹkan roboto ni owó. Èmi ni mo ní kó tẹ ẹ̀bà. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bá wí, mo ti wà ńlẹ̀."

Ìka Màmá kò dúró. Ó wọ irú tẹ̀sùbáà kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka bí òrùka, tí èèyàn ń tẹ̀ tí yóò máa ka iye fúnra rẹ̀. Tẹ́, tẹ́, tẹ́. Níkẹ́ ń wò ó.

"Màmá, kí ló ń gbé tẹ̀sùbáà yín yìí ṣiṣẹ́?"

Màmá dáwọ́ dúró. Ó bọ́ ọ kúrò ní ìka, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó nà án sí Níkẹ́. "Gbà. Ìka mi ti tó mi í kà."

"Irú bátìrì yìí pọ̀ nínú ilé ju bí a ṣe rò lọ," Níkẹ́ sọ fún wọn. "Káàdì ọjọ́ìbí tó ń kọrin, ó wà níbẹ̀. Àbẹ́là oníná, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, òṣùwọ̀n kíṣìnì, ó wà níbẹ̀. Òfin ní kí wọ́n fi síkúrù de ti ohun ìṣeré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àgbàlagbà, tí àwa wá gbé sí yàrá ọmọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà."

Bí wákàtí kan ti kọjá, dókítà jáde. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní àwọn ti yọ ọ́. Ọ̀fun ọmọ náà ti jóná níbì kan, ṣùgbọ́n kò tíì lu. Ó ní ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì parí, àwọn máa dá a dúró, rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n máa fi fún un lóúnjẹ ná. Hàlímọ̀tù bi í pé bí àwọn bá ti dúró di ìrọ̀lẹ́ ńkọ́. Dókítà mi orí.

Wọ́n fi bátìrì náà hàn wọ́n nínú abọ́ kékeré. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Etí rẹ̀ ti dúdú.

"Bẹ́ẹ̀ ló sì jọ owó," ni Màmá wí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Nusaybah lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà wálé, ohùn rẹ̀ há bí ohùn àgbàlagbà, oúnjẹ lílọ̀ nìkan ló sì ń jẹ. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ṣì ń mú un lọ kí wọ́n yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, nítorí pé ojú ọgbẹ́ lè fún ọ̀nà oúnjẹ pọ̀ bó bá ń jinná. Ọmọ yìí yè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun kékeré ló ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé, Hàlímọ̀tù padà lọ sí Rye Lane. Ó gbé rìmóòtù náà síwájú onísọ̀.

"Alhaja! Ẹ káàbọ̀. Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Mi ò bá tìjà wá," ni Hàlímọ̀tù wí. Ó fi èékánná fa dúrọ́ọ̀, ó jáde. "Ohun tó wà nínú èyí ni ọmọ mi gbé mì. Ó jó o lọ́fun."

Ọkùnrin náà wo rìmóòtù. "Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, bí wọ́n ṣe kó o fún mi ni mo ṣe ń tà á."

"Ṣé ìwọ náà bímọ?"

"Méjì. Èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn."

"Irú ẹ̀rọ wo ló wà ní yàrá wọn?"

Ọkùnrin náà ti gbé fóònù sétí. Àwọn oníbàárà méjì ń dúró dè é, kò wò wọ́n. "Yéwándé, òṣùpá tí mo mú wálé yẹn, rìmóòtù ẹ̀ dà? Dìde, lọ wá a. Mo ní kó o dìde. Mi ò ní pa fóònù títí wàá fi dì í mú."

Hàlímọ̀tù dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó ọkùnrin náà nínú fóònù bó ṣe ń sáré láti yàrá kan dé èkejì. Nígbà tó ní òun ti rí i, tí bátìrì sì wà nínú rẹ̀, onísọ̀ jókòó lórí páálí ọjà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣùpá tó kù kúrò lórí tábìlì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ọmọ-ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ orin tàbí ẹ̀rọ Kùránì fún yàrá ọmọ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wo iwájú. Èyí tí bátìrì rẹ̀ wà ní sísé, tó ń fi okùn gba iná, ló dára jù. Bí ó bá ní ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì, ó gbọ́dọ̀ ní síkúrù. Bí ó bá ní rìmóòtù, ẹ yẹ ìyẹn náà wò. Ohun tí èékánná yín bá lè ṣí, ọmọ yín á ṣí i. Bí ẹ bá ti ra irú rẹ̀, ẹ má kàn jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, kí ẹ sì sọ fún ẹ̀ka kánsù tó ń mójú tó ọjà títà, torí pé ọmọ ẹlòmíràn wà.

Nípa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ẹ má gbé e sórí ìrọ̀rí. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sí etí ọmọ, kí ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ lo ṣájà tó bá a wá, ìṣojú yín ni kí ẹ sì ti máa ṣájì í, kì í ṣe nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn.

Bátìrì tó ti kú kò tíì kú tán. Èyí tí kò lè gbé rìmóòtù ṣiṣẹ́ mọ́ ṣì lè jó ọ̀fun ọmọ. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e lójú méjèèjì, kí ẹ kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ògbólógbòó bátìrì. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá ló ní àpótí rẹ̀.

Ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọmọ kékeré kò ní orúkọ fún gbogbo nǹkan. Bí ó bá ní owó, ó lè má jẹ́ owó. Bí ó bá tilẹ̀ ní òun jẹ suwíìtì, ó lè má jẹ́ suwíìtì. Nígbà mìíràn, kò ní sọ nǹkan kan rárá. Á kàn máa wúkọ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á kọ oúnjẹ, tàbí kó máa di ọrùn tàbí ikùn mú.

Bí ẹ bá fura, ẹ má fún un ní ẹ̀bà. Ẹ má fún un ní omi. Ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ má dúró de ọkọ, ẹ má dúró de ìyá ọkọ, ẹ má sì rò pé dókítà á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé e lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí ẹ máa fi gbé e, ẹ pe 999. Ẹ mú ohun tí bátìrì náà ti jáde dání, kí ẹ sì pe bátìrì ní bátìrì.

Bí ó bá jẹ́ owó, ẹ ó padà wálé láàárín ọjọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ bátìrì, ẹ ti wà níbi tó yẹ kí ẹ wà.